Ìyálé Tó Ń Dáhùn fún Gbogbo Ilé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Félix jẹ́, èmi ni kí ẹ bi, ẹ má bi òun fúnra rẹ̀, torí Félix kì í sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láì kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan ní Savalou, ọmọ Bantè ni, ilé ìwé àwọn Fadá ló sì lọ. Ó ń fi èdè Faransé bá dókítà òyìnbó jiyàn, ó ń fi èdè Mahi bá ìyàwó rẹ̀ fa ọ̀rọ̀, ó ń fi èdè Isha bá àwọn aláìsàn tó ti ìlú rẹ̀ wá ṣàwàdà. Nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí ọ̀kan tó lè fi sọ fún ìyá rẹ̀ pé rárá.

Ní oṣù keje ọdún 1957, rárá yìí wá di dandan. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ láti Bantè pé Claudine, ọmọbìnrin Félix, ti pé ọdún méje. Ó ní bí wọ́n bá ti jẹ iṣu tuntun tán, kí wọ́n mú un wá sílé, nítorí olóòlà tó wà ní Bobè ti mú ọjọ́ tó máa wá dá abẹ́ fún un. Léonie, ìyàwó Félix, ọmọ Savalou ni, Mahi ni, wọn kì í dá abẹ́ fún obìnrin nílé bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ iṣẹ́ náà tán, ó gbé ọmọrogùn sílẹ̀.

"Bàbá Claudine," ló wí, "ọmọ mi ò lọ síbì kankan. Bí ó bá fi lè wọ ọkọ̀ Bantè, kí ẹ̀yin náà wọ̀ ọ́, kí ẹ kó ẹrù yín dání, kí ìyá yín máa se oúnjẹ fún yín."

"Màá bá wọn sọ̀rọ̀," ni Félix wí.

"Ìgbà wo?"

"Láìpẹ́."

Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, Léonie sì ti mọ láìpẹ́ yẹn dáadáa. Láìpẹ́ ni Félix fẹ́ tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Òjò ṣì ń kán sínú ọbẹ̀ títí di ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì nídìí. Ó ti rí àwọn obìnrin tí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé wá láti abúlé, tí wọ́n ti rọbí fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, tí ojú àpá àtijọ́ kò fẹ́ gba ọmọ láyè. Ó ti gbá ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ rí. Bí ó bá ro Claudine mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní lè jẹun mọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ọmọ ṣe ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ohun tí ẹ ti ń ṣe fún gbogbo ọmọbìnrin ilé wa láti ọjọ́ yìí, kò dáa.

Àfi bí ẹni pé dókítà gbọ́ àdúrà rẹ̀. Òyìnbó náà ń ṣe ìwádìí kan: ó fẹ́ mọ ìpalára tí abẹ́ dídá ń ṣe fún ara obìnrin àti ohun tó ń dá sílẹ̀ láàárín ilé. Ó tẹ ìbéèrè méjìlélógún sórí ìwé, obìnrin kan ìwé kan, ó ní kí Félix gbé wọn lọ sí Bantè nítorí òun ló gbọ́ èdè wọn. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ọkùnrin ni Félix. Ó wá sí Félix lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó gbé e mì, nítorí inú rẹ̀ ti ń dùn. Kò ní í bá ìyá rẹ̀ jà mọ́, ìwé ló máa bá a jà. Bí àwọn obìnrin ilé bá ti sọ ohun tí ojú wọn rí, tí òun sì kọ ọ́ sílẹ̀, òun á kàn kà á sí ìyá òun létí ni, òun á ní ìjọba ló wí.

Báyìí ni Félix ṣe dé agboolé wọn ní Bantè pẹ̀lú ìwé lábíyá.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dàgbà ní irú agboolé bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Ìyàwó mọ́kàndínlógún ló wà nínú ilé náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ìyàwó àbúrò, ìyàwó ọmọ. Ìyá Félix wà nínú wọn, òun sì ni ìyálé gbogbo wọn. Bí àlejò bá sì bi ìyàwó ilé kan ní ohun kan, ìyálé ló ń dáhùn. Agbowó-orí béèrè ọjọ́ orí ìyàwó kan, ìyálé dáhùn. Fadá béèrè ìdí tí òmíràn kò fi wá sí Máàsì, ìyálé ní ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ìyàwó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ìyálé ló sọ ìwé tí gbogbo wọn máa jù sínú àpótí. Wọ́n kà á tán, ìbò tí ẹni tí ìyálé yàn rí ládùúgbò wọn kò kún ọwọ́ kan. Ìyá Félix ní àwọn tó kà á ni kò mọ ìṣirò.

Félix jókòó sórí àpótí ní àgbàlá. Àwọn obìnrin jókòó yí i ká, wọ́n ń bẹ iṣu fún gbígbẹ. Ìyá rẹ̀ jókòó níwájú.

"Ọmọ mélòó lẹ bí?" ni Félix bi í.

"Mẹ́jọ."

Ó kọ ọ́. Ó yíjú sí Moutiatou, ìyàwó tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ nínú ipò, obìnrin kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Mẹ́jọ ni," ni ìyá Félix wí.

"Ìyá mi, mẹ́rin ni wọ́n bí."

"Ìwọ lo gbẹ̀bí wọn ni? Kọ mẹ́jọ. Yóò bí ìyókù."

Moutiatou tẹjú mọ́ iṣu ọwọ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Félix kọ mẹ́jọ. Ó béèrè ibi tó ń dùn wọ́n lára. Ìyá rẹ̀ ní orúnkún òsì, bí òjò bá ti ń ṣú. Félix ní ṣé gbogbo yín? Ìyá rẹ̀ ní gbogbo wa. Ó kọ orúnkún òsì sórí ìwé mọ́kàndínlógún.

Ó wá kan ìbéèrè tó gbé e wá. Etí rẹ̀ gbóná. Ó wojú ewúrẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ ara ògiri, ewúrẹ́ náà ló kúkú bi. "Ohun tí... ohun tí wọ́n ṣe fún yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé... abẹ́ tí wọ́n dá fún yín... ṣé ó ti pa yín lára rí? Bóyá nígbà tí ẹ fẹ́ bímọ?"

Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó wò ó títí Félix fi rántí gbogbo ẹní tó ti tọ̀ sí láti kékeré.

"Àlàáfíà la wà," ló wí. "Kọ ọ́."

Félix kọ àlàáfíà nígbà mọ́kàndínlógún. Ó kù ìbéèrè kan, èyí tó kẹ́yìn, bóyá wọ́n máa dá abẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin tiwọn náà. Kò tíì kà á tán tí ìyá rẹ̀ fi já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Lẹ́yìn iṣu tuntun. Àbí o ò gbọ́ iṣẹ́ tí mo rán sí ọ ni?"

Ó fún un ní iṣu méjì kó gbé relé. Félix sì dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Kì í ṣe ohun tó lọ sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó rí sọ nìyẹn.

Ní Savalou, Eulalie ló kọ́kọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹ̀bí ni, ọmọ Kétou, Dakar ló ti kọ́ṣẹ́. Òun nìkan ni agbẹ̀bí tí wọ́n ní, ìdí nìyẹn tí dókítà kò fi rán an. Ó ka ìwé kìíní, ó ka èkejì, ó ka ìkẹta. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Orúnkún òsì mọ́kàndínlógún," ló wí. "Félix, kì í ṣe obìnrin mọ́kàndínlógún lo lọ bá. Obìnrin kan lo lọ bá, o wá bi í nígbà mọ́kàndínlógún."

"Madáàmù, ìyálé ló ń dáhùn. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe é ní Kétou. Ọmọ tìrẹ ńkọ́? O ti bá ìyá rẹ sọ ọ́?"

"Láìpẹ́, Madáàmù."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n jẹ iṣu tuntun." Ó to àwọn ìwé náà jọ, ó rò ó díẹ̀. "Ẹnu ni ìyálé fi ń dáhùn fún wọn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọwọ́ ńkọ́?"

Félix wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè kankan. Eulalie ní kó lọ wá ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa, kó pò wọ́n mọ́ra sínú àpò kan, pé ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ làwọn jọ ń lọ.

Nígbà tí wọ́n dé agboolé, Eulalie kúnlẹ̀ dáadáa fún ìyá Félix. Ó kí i kú ilé, ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú àmójútó, ó kí i fún gbogbo ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, títí ojú ìyá náà fi rọ̀.

"Ìyálé," ló wí, "ẹ ti sọ̀rọ̀, a sì ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó yìí kì í gba ohun tí ẹnu sọ gbọ́, àfi ohun tó bá lè fọwọ́ kà. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀wà jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú funfun kan, pupa kan. Á wọ yàrá lọ ní òun nìkan. Ẹni tí abẹ́ tí wọ́n dá fún un kò bá pa á lára rí, kó ju funfun sínú ìkòkò. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ níyà, nígbà náà tàbí nígbà ìbímọ, kó ju pupa. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kó dá a padà sínú àpò ẹ̀wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ ti ẹnìkejì."

"Bí ìbò," ni ìyá Félix wí. Ó fẹ́ràn ìbò púpọ̀.

"Bí ìbò gẹ́lẹ́, Ìyálé."

Ìyá Félix dìde, ó kọjú sí àwọn ìyàwó ilé. "Gbogbo yín, ṣé ẹ gbọ́? Funfun! Mo ti sọ fún ìjọba pé àlàáfíà la wà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ mí di òpùrọ́. Funfun ni o."

"A gbọ́, Ìyálé," ni wọ́n wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Félix wo Eulalie. Ojú rẹ̀ ń wí pé a ti tán. Eulalie ò wò ó padà.

Ìyá Félix ló kọ́kọ́ wọlé, bó ti yẹ. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ kí ènìyàn pẹ́ láti ju horo ẹ̀wà kan lọ. Félix rò pé yàrá náà ṣókùnkùn ni, àgbà sì ni. Nígbà tó jáde, ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ dè. Moutiatou tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ipò wọn ti rí, wọ́n ń jáde pẹ̀lú ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Latifatou ló wọlé kẹ́yìn, ìyàwó Razack aránṣọ. Lougba ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá lọ́dún tó kọjá, oyún oṣù mẹ́fà ló wà níkùn rẹ̀, ẹ̀rù ìyálé sì ń bà á ju bó ti ń ba Félix lọ, bí irú ìyẹn bá ṣeé ṣe.

Félix gbé ìkòkò jáde sí àgbàlá, ó dà á sórí ẹní.

Ó kà á. Ó tún un kà, nítorí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Pupa méjìdínlógún. Funfun kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Ìyá Félix tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ewúrẹ́ nìkan ló ń jẹ èèpo iṣu.

Nǹkan kan wá ru sókè láyà Félix, n kò mọ ibi tó ti ń sá pamọ́ sí láti ọdún márùndínlógójì. Ó dìde dúró. Ó ṣubú lu àpótí ìjókòó rẹ̀, ó tún dìde.

"Ìyá mi!" ló wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ti fẹ́ lọ. "Ẹ wò ó! Obìnrin méjìdínlógún ló ń jẹ̀rora nínú ilé yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ ní àlàáfíà! Torí pé ẹ̀yin ò jẹ̀rora lẹ ṣe fẹ́ mú ọmọ mi wá síbí? Mi ò mú un wá. Ẹ gbọ́? Mo ní rárá. Claudine ò wá!"

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. Latifatou ló kúnlẹ̀ látẹ̀yìn, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Claudine, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Ìyálé wí. Èmi ni mo ju funfun."

"Ìwọ?"

"Wọ́n ní ká ju funfun. Mo gbọ́ bí wọ́n ti wí i." Ó wo àwọn ìyàwó ilé yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì wá ń yà á lẹ́nu. "Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ni?"

Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ọ̀rọ̀ náà tó yé Félix. Ìyàwó mọ́kàndínlógún, ọ̀kan péré ló ṣe ohun tí ìyálé wí, ọ̀kan náà kì í sì í ṣe ìyálé gan-an. Moutiatou ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ mú un mọ́ra, kò ṣeé mú, ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó wí, ẹ̀rín ti gba gbogbo àgbàlá. Eulalie náà ń rín in. Nígbà tó pẹ́, ìyá Félix alára fi ìṣẹ́tí aṣọ bojú, inú rẹ̀ ń mì tìtì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

Nígbà tó ṣí ojú, omi ló wà níbẹ̀.

"Félix, jókòó," ló wí. Félix jókòó. "Ọmọ mẹ́jọ ni mo ń wí fún àwọn ènìyàn. Mẹ́wàá ni. Àwọn méjì ló ṣáájú rẹ. Obìnrin ni àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rọbí i, ojú àpá náà kò là, nígbà tó sì là, ó fàya, ọmọ náà ti kú. Èkejì náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará ilé ìyá mi ló ń jẹ wọ́n. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ìyá tó bí mi lọ́mọ sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin, títí ó fi kú." Ó fọwọ́ lé abẹ́ ikùn. "Ohun tó sì ń dùn mí kì í ṣe orúnkún."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?" ni Félix bi í.

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ìyálé ni mí. Bí mo bá ní ó ń dùn mí, gbogbo ilé á ní ó ń dùn wọ́n."

"Ó ń dùn wá náà, Ìyálé," ni Moutiatou wí jẹ́jẹ́.

"Mo rí i. Mo lè ka ẹ̀wà."

Latifatou ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ṣé mo lè yí tèmi padà?"

"Ìwọ, dìde ńlẹ̀," ni Eulalie wí. "Kò tíì tó àsìkò tìrẹ. Bí oyún rẹ bá ti pé oṣù mẹ́jọ, Savalou ni kó o wá, ọ̀dọ̀ mi lo máa bí i sí. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fún ọ ní ẹ̀wà tìrẹ."

Ìyá Félix nu ojú rẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ dè, ó jókòó dáadáa sórí àpótí rẹ̀, ó di ìyálé padà.

"Níbo ni ìwé yẹn wà?"

Félix mú un jáde.

"Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, tún un kà fún mi."

Félix kà á, ó sì sọ ọ́ ní Isha, kò wo ewúrẹ́ lọ́tẹ̀ yìí: ṣé ẹ máa dá abẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin yín?

"Ta ló ń dáhùn fún obìnrin ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá mi."

"Claudine ńkọ́? Obìnrin ilé ibo ni?"

"Obìnrin ilé yìí ni."

"Kọ rárá."

Félix fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé.

"Olóòlà Bobè ńkọ́?" ni Moutiatou béèrè. "Ó ti mú ọjọ́."

"Èmi ni mo pè é, èmi ni màá dá a padà. Yóò jẹ iṣu tuntun, yóò máa lọ ilé rẹ̀." Ó na ọrùn wo ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé kà. "Èyí tó o kọ nìyẹn? Ṣé bó ṣe kéré tó nìyẹn ní Faransé?"

"Bó ṣe kéré tó nìyẹn, Ìyá mi."

"Òyìnbó ò ní í rí i. Kọ ọ́ kó tóbi. Kọ ọ́ sórí mọ́kàndínlógún."

Félix kọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, wọ́n ti ṣa ẹ̀wà orí ẹní mọ́ ti inú àpò, funfun àti pupa, wọ́n ti gbé e kaná, ìyá rẹ̀ sì ti ń bú ẹni tó bu omi sí i jù.